Oyún Irun Àgùntàn

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1887

Kí ni ẹni tó ní àwòrán ògiri àtijọ́ lòun wá yà fẹ́ fi iye ilẹ̀kùn ilé mi ṣe?

Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun lánàá. Loomis lorúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ Ajé ló dé sí Ìsun Kíkorò, ìlú wa, pẹ̀lú ẹṣin kan, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, àti àpótí gíláàsì ìyàwòrán tó fi kúbùsù wé bí ọmọ tuntun. Ó ní òun ń ya àwòrán àwọn ibi tí àwọn ará wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, odi ààbò àtijọ́, ilé ọlọ, ibi ìsìnkú, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ohun tó dára ni. Àmọ́ lánàá ó dúró níwájú ilé mi nínú yìnyín, ó na ìka sí ògiri, ó ní, "Màdáámù, ilẹ̀kùn kan ti wà níbí rí, àbí?"

Mo ní fèrèsé ni. Ó ní kí n má bínú, ojú òun ló ṣì í rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Oṣù Ọ̀pẹ ni Jeppe ọkọ mi yọ́ wálé lóru wá dí ilẹ̀kùn yẹn pa. Amọ̀ tuntun kì í bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹni tó bá sì ti gbé Yútà fún oṣù kan péré mọ ohun tí ilé onílẹ̀kùn méjì ń wí: ìyálé gba ibí wọlé, ìyàwó gba ọ̀hún.

Jeppe wà nínú àfonífojì òkè láti ìgbà ìkórè, ó ń sá fún àwọn agbófinró ìjọba, nítorí òfin ti de ẹni tó bá ní ju ìyàwó kan lọ. Tamsin, ìyàwó rẹ̀ kejì, wà lókè orí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nínú àjà tí òun náà ti sá sí láti ìgbà ìkórè, pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù keje. Ìlú gbà pé ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní àríwá. Àwọn tí kò gbà kò sọ̀rọ̀. Bí agbófinró bá rí i, tàbí tí wọ́n bá rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìyàwó Jeppe lójú òfin, ẹ̀rí ti délẹ̀: ẹ̀wọ̀n ni fún Jeppe, wọn á sì mú Tamsin búra níwájú adájọ́ títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ dá bàbá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi.

Bíṣọ́ọ̀bù Pettibone wá ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní kí n lóyún.

"Arábìnrin Thorup, ẹ ò tí ì dàgbà jù."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, Bíṣọ́ọ̀bù."

"Sárà ìyàwó Ábúráhámù ń kọ́?"

"Sárà kò fi irun àgùntàn lóyún."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sì ti gbà láti di ìyá ọmọ Tamsin lójú ìlú kí n tó mọ̀ pé mo gbà.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gbé oyún lọ sí ilé ìpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mette Krog ló rán an fún mi: àpò aṣọ funfun, irun àgùntàn nínú rẹ̀, okùn mẹ́ta lẹ́yìn. Agbẹ̀bí ni Mette, ọmọ Dẹ́ńmákì bíi tèmi, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Òun, Bíṣọ́ọ̀bù àti àwa ará ilé nìkan la mọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, a ó máa fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún un.

Bí a ṣe fẹ́ dìde kọrin, Mette tẹ̀ sí mi létí. "Sidsel, ọmọ rẹ ti rìn lọ sí ìbàdí. Dá a padà kí wọ́n tó rò pé ìbejì ni, tí wọ́n sì ń jà."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè. Àmọ́ lẹ́yìn ìpàdé, ìyàwó alágbẹ̀dẹ dì mọ́ mi, ó sì sunkún sí mi lọ́rùn. Òun ló bá mi wẹ àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì lọ́dún tí àrùn ọ̀fun pa wọ́n. "Ọlọ́run ti rántí rẹ," ó ń wí, "Ọlọ́run ti rántí rẹ." Mo ní, "Ó ṣeun." Mo rìn délé nínú yìnyín, mo sì fi ọwọ́ di abẹ́ inú mi mú bí aboyún gidi. Kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀fúùfù láti àríwá. Ọ̀nà òkè ti dí. Kẹrosíìnì ti di ọgbọ̀n sẹ́ǹtì gálọ́ọ̀nù kan. Ó yẹ kí n dín ìwé kíkà kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé

Ọjọ́ ààwẹ̀. Loomis wá sí ìpàdé, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun náà kò tí ì jẹun. Mette ní irọ́ ni, òun rí i tó ń jẹ ápù lẹ́yìn ibùjẹ ẹran. Mette náà ló sì lọ gbé kọfí síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá láti dán an wò.

"Ṣé ó mu ún?" mo bi í.

"Kò mu ún. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe àṣà wa."

"Ó mọ̀wà hù nìyẹn."

"Ìwà kẹ̀! Ká ló mu ún ni, à bá mọ̀ pé kì í ṣe ara wa. Bó ṣe kọ̀ ọ́ yìí, a jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ́ ọ."

"Kọfí ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Mo mu ún. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Lẹ́yìn ìpàdé, mo gbọ́ tí Loomis ń bá ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ kékeré sọ̀rọ̀ níbi ìdúró ẹṣin.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ dáadáa?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Mi ò mọ̀."

"Ilé yín ńkọ́?"

"Mi ò rí i rí."

Bí a ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Àwọn tó dúró nítòsí ń yọ̀ sínú. Èmi ń wo ojú ọkùnrin náà, kò sì jọ ojú ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jọ ojú ẹni tó ti gba èsì tó ń wá.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Loomis kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Bí mo bá kọ̀ fún un láti wọlé, a jẹ́ pé mo ní ohun tí mò ń pa mọ́. Bí mo bá gbà, òkè orí wa ni ohun náà wà. Mo gbà á wọlé.

Ó mú àwòrán wá fi hàn mí. Ó ti dé Nauvoo, ìlú tí wọ́n lé àwọn ará wa kúrò ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo rí òpópónà tí koríko ti bò, àti òkúta tẹ́ḿpìlì tí àwọn ará ìlú ti fi mọ ògiri ilé tiwọn. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù Pettibone wo èyí tó wà ní ìtòsí odò títí, ó ní, "Ibí ni màmá mi ti ń fọṣọ," omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn odi ààbò fún un: ìdílé tó gba yàrá kìíní, ìdílé tó gba ìkejì, àti àwọn obìnrin tó ń dáná níbì kan náà.

Kí ló tún kù tí agbófinró fẹ́ mọ̀? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti rọ̀, àṣírí rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbààgbà wa kò ní dá ìjọba lóhùn bí wọ́n bá fi ìbọn tì wọ́n, àmọ́ fi àwòrán ibi tí ìyá wọn ti fọṣọ hàn wọ́n, wọn á ka orúkọ gbogbo ìyàwó tó wà nílùú fún ọ. Bóyá olóòótọ́ ni ọkùnrin yìí o. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ amí láìgbowó.

Ó wo àwọn ìwé mi, ó sì béèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè yẹn. Inú mi dùn, mo sì bínú sí inú mi.

Ìgbà náà ni Tamsin sún nǹkan lókè. Ariwo rẹ̀ gba ilé. Kí n tó la ẹnu, Loomis wòkè, ó ní, "Ológbò ni, àbí?"

"Ológbò ni," mo dáhùn.

Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń ronú. Ta ló sọ irọ́ tí mo fẹ́ pa fún un?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Mo gun àkàsọ̀ lọ bá Tamsin jà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ àwọn awakùsà láti Kọ́níwọ̀ọ̀lù, ahọ́n rẹ̀ kì í sùn.

"Ẹsẹ̀ ló kú mọ́ mi lára, Ìyálé. Ṣé kí n gé e ni?"

"Kó o jókòó jẹ́ẹ́ ni."

"Ẹ̀yin lẹ ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ń gbé oyún mi kiri ìlú, wọ́n ń fún yín ní àkàrà òyìnbó. Èmi tí mo gbé e gan-an, eku ni mò ń bá ṣeré. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan tiyín wò." Ó fọwọ́ tẹ irun àgùntàn náà. "Tiyín jókòó jẹ́ẹ́, Ìyálé. Tèmi ń tapá."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Àìkú, ogúnjọ́

Jeppe sọ̀kalẹ̀ wá ní àṣálẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún yìnyín. Ó wo inú mi, ó ní, "Ó yẹ ọ́, Sidsel." Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mo sì mọ̀ pé kò mọ ohun tó sọ.

Mo bi í pé, "Bí ọmọ bá dé ńkọ́? Títí di ìgbà wo ni ó fi máa jẹ́ tèmi?"

"Títí ọ̀rọ̀ á fi tutù."

"Ta ló bi Tamsin bóyá ó gbà?"

"Bíṣọ́ọ̀bù á ṣètò rẹ̀." Ó ti dìde. Ó gun àkàsọ̀ lọ, èmi sì fọ abọ́. Mo fọ̀ ọ́ kíkankíkan, kí ariwo lè wà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà

Ní òwúrọ̀, kúbùsù pupa hàn lórí okùn ìsáṣọ Bíṣọ́ọ̀bù: agbófinró ti wọ̀lú. Mo yọ àkàsọ̀, mo tì í sábẹ́ koríko nínú abà, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá jáde, mo sì wọ orí ibùsùn. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọn kò ya ilé kankan kí wọ́n tó ya tiwa.

Mo ké ìrora. Mette sáré wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó sì kígbe mọ́ wọn: "Ẹ kúkú wọlé! Omi gbígbóná wà lórí iná. Ta ló máa bá mi di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú?" Èyí tó kéré jù nínú wọn pọ́n lójú bí ata, ó jáde. Ọ̀gá wọn kò jáde. Ó ń wo òkè.

"Kí ló wà nínú àjà?"

"Ọ̀dùnkún," Mette dáhùn.

"Àkàsọ̀ dà?"

"Àwọn tí ìjọba rán wá kẹ́yìn ló fi dáná, otútù mú wọn. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kó àga ni?"

Mo tún ké. Mi ò mọ̀ pé mo lè ké bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní kí Ọlọ́run sọ̀ mí kalẹ̀ láyọ̀, wọ́n sì lọ.

Mette ní nígbà tí wọ́n ń kọjá níbi ìsìnkú, Loomis wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ dúdú ẹ̀rọ ìyàwòrán rẹ̀. Ó gbé fìlà fún wọn. Wọn kò dá a lóhùn. Mette ní ẹ̀rí nìyẹn pé wọn ò mọra. Lójú tèmi, àwọn tí kò mọra ló ń kíra. Àwọn tó mọra dáadáa ló ń kọjá lára wọn bí ògiri.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹrẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹyin ti wálẹ̀ sí sẹ́ǹtì mẹ́jọ fún méjìlá.

Kì í ṣe Loomis nìkan ni wọ́n ń fura sí. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ fún Mette pé ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò, ìyálé ló ta ìyàwó fún àwọn agbófinró. Ó sọ ọ́ bí ìròyìn lásán. Àmọ́ lónìí, wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo jókòó tì wọ́n. Mo ti ka ìwé púpọ̀ jù lójú wọn, mi ò sì í ṣe Àmín sókè. Mo wá ń wò ó pé tí mo bá jẹ́ wọn, ta ni ǹ bá fura sí?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Tamsin ti bí i. Obìnrin. Agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn Tamsin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tèmi. Mette fi awọ ìjánu ẹṣin sáàárín eyín rẹ̀. Èmi dúró níwájú fèrèsé ìsàlẹ̀. Bí Mette bá ti fi ìgìgísẹ̀ lu pákó àjà, mo mọ̀ pé ìrora ti dé, mo ń ké e jáde. Gbogbo igbe Tamsin, ẹnu mi ló gbà jáde. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, ó ń gbàdúrà fún mi.

Nígbà tí mo gòkè, Tamsin ti bu awọ náà já. Mette gbé ọmọ fún mi kí n wẹ̀ ẹ́, ó wúwo, ó gbóná, ó di ìka mi mú. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbé e fún ìyá rẹ̀. Tamsin rí i pé mo pẹ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mò ń gba àlejò lórí ibùsùn. Ọbẹ̀ adìẹ, búrẹ́dì ọkà ráì, èso písì gbígbẹ, aṣọ ọmọ tí àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Aranilọ́wọ́ hun. Wọ́n ní imú ọmọ jọ tèmi. Tamsin ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ihò pákó. Bí wọ́n bá ti lọ, mo ń gbé ọmọ gòkè fún ọmú.

"Imú yín kẹ̀!" ó ní. "Ìyálé, ṣé ẹ̀yin náà ti ń rí i?"

Mo ní kó má ṣe wèrè. Ní tòótọ́, mo ti ń rí i.

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Igbe

Bíṣọ́ọ̀bù wá. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ ààwẹ̀, wọn á bùkún ọmọ láàárín ìjọ, wọn á sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ni màá gbé e lọ síwájú, nítorí ìyá ọmọ ló ń gbé e fún àwọn alàgbà. Jeppe ránṣẹ́ pé Sidsel ni kí wọ́n pè é, kí irọ́ náà lè pé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ń lọ sí Arisónà. Tamsin máa bá a lọ. Ọmọ kò ní lọ, nítorí ọmọ ọmú nínú kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rí tó lè sunkún.

"Títí di ìgbà wo, Bíṣọ́ọ̀bù?"

"Ọ̀run mọ ìyá tó bí i."

Ìwà wa nìyí. A lè fi oṣù mẹ́ta purọ́ fún ìjọba, kí a fi obìnrin pamọ́ bí ọ̀dùnkún, síbẹ̀ a ò lè jẹ́ kí ọjọ́ ààwẹ̀ kan kọjá kí ọmọ má tí ì ní orúkọ lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú àjèjì lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo ní kí a dúró. Ó ní ọmọ tí a kò bùkún, bó bá kú ńkọ́? Ó wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Ó mọ ibi ìsìnkú tí mò ń lọ.

Ta ló kọ́kọ́ ní kí ọmọ má bá Tamsin lọ? Bíṣọ́ọ̀bù ní Jeppe ni. Jeppe máa ní Bíṣọ́ọ̀bù ni. Mo ń rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, mò ń wá ibi tí ó ti lè jẹ́ èmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo ti sọ fún Tamsin. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò gbójú sókè.

"Ìyálé, nígbà tí ẹ lọ sí tẹ́ḿpìlì ní St. George, nítorí ta ni wọ́n ṣe rì yín bọmi?"

Ó mọ̀. Mo ti sọ fún un rí bí a ṣe ń ṣe ìrìbọmi dípò àwọn òkú wa, kí ìdílé lè pé ní ọ̀run. "Nítorí ìyá mi. Ìyá rẹ̀. Ìyá tó bí ìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe rí wọn?"

"Mo béèrè ẹni tó bí ẹni."

"Ó dáa. Ọmọ ọmọ tèmi yìí náà máa béèrè lọ́jọ́ kan. Wọn á ní Sidsel ló bí i. Ẹ̀yin ló máa rí, nítorí yín ló máa ṣe rì bọmi. Èmi á dúró sí ibi tí àwọn òkú ń dúró sí, bí ẹni tí kò bímọ rí." Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin lẹ sì ń ṣiyèméjì pé bóyá ibẹ̀ kò sí rárá. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Ó rọrùn fún yín."

Lóòótọ́, mi ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ wà. Àmọ́ òun mọ̀, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbà níbí àti níbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí wọ́n pè é?"

"Loveday. Orúkọ màmá mi."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo po búrẹ́dì ọ̀la. Bí mo bá sọ òótọ́ níwájú ìjọ, èmi ni mo ta ọkọ mi. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo jí ọmọ gbé. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọn kò béèrè ní oṣù Ẹrẹ́nà. Èmi náà kò béèrè. Lọ́la, bí mo bá ń jáde, mi ò ní yọ àkàsọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo bẹ̀rẹ̀ èyí lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, mi ò sì mọ ìgbà tí màá parí rẹ̀.

Oòrùn mú, ẹrẹ̀ ti gbẹ. Mo wọ ọmọ láṣọ. Tamsin fún un lọ́mú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tì í sí mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dá nǹkan padà. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo dúró lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀ díẹ̀, kó lè gbọ́ pé mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mi ò tì í.

Ilé ìpàdé kún. Loomis wà ní àyè rẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, àwọn kan dìde jẹ́rìí. Mo jókòó pẹ̀lú ọmọ lórí itan, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Mò ń fetí sí ẹ̀yìn. Bóyá ó ti sùn. Bóyá kò gbọ́. Bóyá ó rò pé pańpẹ́ ni. Nínú ilé wa, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Arábìnrin Thorup, ẹ gbé ọmọ wá."

Mo dìde. Àwọn alàgbà mẹ́rin ti dúró yípo, wọ́n na ọwọ́. Mo rìn bí ìyá ọlọ́mọ tuntun ṣe ń rìn, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ń wò mí. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, màá gbé e fún wọn, wọn á pè é ní Sidsel, màá sì gbé e lọ sílé, inú mi á dùn. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi á dùn.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹni tí kò rí oòrùn fún oṣù méje ń funfun bí abẹ́ olú. Ó di àga mú, ó fi àga kan sílẹ̀, ó di òmíràn mú. Omi ọmú ti rin iwájú aṣọ rẹ̀, kò sí ojú tí kò rí i. Loomis fa orúnkún rẹ̀ sẹ́yìn kó lè kọjá. Ọmọdé kan ní, "Màámi, Tamsin nìyẹn," wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn na ọwọ́.

Mo gbé ọmọ fún un. Ọwọ́ mi fúyẹ́ lójijì débi pé mi ò mọ ibi tí màá fi wọ́n sí.

"Arábìnrin," Bíṣọ́ọ̀bù sọ fún un, ohùn rẹ̀ kò dé bẹ́ǹṣì kejì, "ṣé ẹ mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Tamsin dáhùn. "Mo mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ mi. Loveday lorúkọ rẹ̀. Ẹ bùkún un."

Alágbẹ̀dẹ, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alàgbà, ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ sábẹ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù. Bíṣọ́ọ̀bù di ojú, ó sì pè é ní Loveday Thorup, ó tọrọ ìlera fún un, ó tọrọ ọgbọ́n, ó gbàgbé ìparí àdúrà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ṣe Àmín tí a lajú, àga Loomis ti ṣófo.

Níta, ìyàwó alágbẹ̀dẹ kọjá lára mi láìkí mi. Kò tíì jìnnà tó fi padà, ó wo inú mi, ó wo ojú mi. "Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fún ọ, Sidsel."

"Mo mọ̀."

"Ìyẹn nìkan lo rí sọ?"

Mo yí ojú sí ọ̀nà ilé.

Bíṣọ́ọ̀bù bá mi délé. "Arábìnrin Thorup, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Àkàsọ̀ ni mo gbàgbé, Bíṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ gbàgbé?"

"Ọ̀run mọ̀."

Ó rán ẹlẹ́ṣin sí àfonífojì. Ẹlẹ́ṣin padà ní ìrọ̀lẹ́: Jeppe ti di ẹrù, ó ń gba ọ̀nà Mẹ́síkò lọ. Ó ní kí n máa tọ́jú ilé. Mo bi í bóyá ó ránṣẹ́ sí Tamsin, tàbí kó béèrè bí ọmọ ṣe rí. Ẹlẹ́ṣin wo fìlà rẹ̀.

Ní ti Loomis, àwọn kan ní ó gba ọ̀nà ilé ẹjọ́, àwọn kan ní ọ̀nà rélùwéè ni. Mette ní koríko tó rà fún ẹṣin rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ń lọ jìnnà ni. Mo ní amí náà lè lọ jìnnà. A ò ní mọ̀, àfi bí a bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin.

Bíṣọ́ọ̀bù ní kí Tamsin padà sínú àjà títí di ọjọ́ Ajé. Tamsin ní òun kò padà sínú àjà, òun kò sì lọ sí Arisónà. Bí adájọ́ bá fẹ́ bi òun léèrè, ó mọ ilé. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sùn sórí ibùsùn mi, ọmọ lápá rẹ̀, ó ń hanrun bí awakùsà. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn bi mí kó tó sùn pé, "Nítorí mi lẹ ṣe fi àkàsọ̀ sílẹ̀, àbí nítorí ọmọ?" Mo ní kó sùn.

Mo ti jókòó síbí láti ìgbà yẹn. Bóyá nítorí Tamsin ni. Bóyá mo fẹ́ kí Jeppe, lẹ́ẹ̀kan péré, gbé nǹkan tó bí lórí ara rẹ̀. Bóyá ẹ̀rù ara mi ló bà mí, nítorí bí ọmọ náà ṣe ń di ìka mi mú. Ọkàn tó lè gbé oyún èké fún oṣù méjì, kí ni màá gbà gbọ́ nínú ohun tó bá sọ fún mi nípa ara rẹ̀? Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mi ò fa ìlà sábẹ́ ọ̀kankan.

Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan ní ojú ọ̀nà, ó dákẹ́.

Ọmọ ti ń sunkún. Mo ti dìde kí n tó rántí. Tamsin yí padà lójú oorun, ó fà á mọ́ra, ẹkún náà sì dá. Mo tún jókòó.

Òkè ìlà-oòrùn ti ń pọ́n, mo lè rí ohun tí mò ń kọ láìsí iná. Mo pa fìtílà.